Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó níwájú mi ní ọ́fíìsì ìjọba n'Ìbàdàn kò lè ju àbíkẹ́yìn ìyá mi lọ. Ó ti bi mí ní ọjọ́ tí a ṣe ìgbéyàwó, iye ọmọ tí a bí, ọ̀dà tí a fi kun ilẹ̀kùn ilé wa, àti apá ibi tí ọkọ mi máa ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn bí mi nínú. Lẹ́yìn náà ló gbé bírò rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orúkọ ìyá ọkọ yín?"

Mo tẹjú mọ́ bírò rẹ̀.

Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i lára káàdì ìdìbò wọn, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ààfáà tó ń ṣe àdúà fún wọn láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjìlá tí mo ti wọ ilé wọn ní Ṣakí, orúkọ náà kò tíì jáde lẹ́nu mi rí, àní nígbà tí mo bá dá wà pàápàá.

Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, lọ́hùn-ún lódìkejì ibodè, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi Faransé kàwé. Yorùbá là ń sọ níbẹ̀, Yorùbá náà là ń sọ ní Ṣakí, àfi pé àwọn ará ilé ọkọ mi máa ń sín ohùn mi jẹ tí mo bá ń bínú, mo sì máa ń bínú dáadáa. Kaṣú ni ọkọ mi wá rà ní ìlú wa nígbà tó rí mi. Orí ọ̀kadà ni mo ti wọ Nàìjíríà, ojú ọ̀nà oko, àpótí mi lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè ìwé. Mo rò pé ilé ọkọ ni mo ń lọ. Mi ò mọ̀ pé orílẹ̀-èdè ni mo ń kúrò.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo ké sí àbúrò ọkọ mi kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ pé kó bá mi mú ìgbálẹ̀ wá. Mo pe orúkọ ọmọbìnrin náà ketekete. Ìyáálé ilé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì fà mí wọ yàrá. Ó ní ẹni tí mo bá nílé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ọkọ mi ni. Mo mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ àgbà ilé, ìyá mi ti kọ́ mi ní ìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ tí eyín rẹ̀ ń yẹ! Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe wá orúkọ fún gbogbo wọn. Ọmọ yẹn di Eyínfúnjowó, nítorí eyín iwájú tí kò sí níbẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tó ń kàwé di Akọ̀wé. Ìyá ọkọ mi ni Ìyá Ńlá. Nígbà tó yá, ó mọ́ ẹnu mi lára, àwọn orúkọ àbísọ wọn sì lọ jókòó sí ibi kan nínú orí mi tí mi ò dé mọ́.

Ohun tó gbé mi dé ọ́fíìsì yẹn ni ìyá mi. Ọdọọdún ni mo máa ń lọ kí wọn ní Ṣábẹ̀ lásìkò Iléyá. Lójijì ni ọ̀nà le. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tóun náà wá láti ọ̀hún, ó lọ sìnkú bàbá rẹ̀, wọn kò jẹ́ kó wọlé padà fún oṣù mẹ́ta. Ìgbà tó fi dé, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé ọmú, ó ń sá fún un bí àlejò. Èmi náà ń fún àbíkẹ́yìn mi lọ́mú nígbà yẹn. Láàárín àkókò náà ni àbúrò mi pè láti Ṣábẹ̀ pé ìyá wa ṣubú lẹ́nu kànga, ìbàdí wọn yẹ̀, wọn kò lè dìde mọ́, èmi ni wọ́n sì ń bèèrè.

Mo fẹ́ lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọkọ mi ló dá mi dúró. Ó ní òfin gbà pé kí obìnrin tí ọmọ Nàìjíríà fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà, ó ní, "Jẹ́ ká gba ìwé yìí, kó o lè lọ kó o sì bọ̀ bí èèyàn." Mo wo ọmọ tó wà láyà mi, mo gbà.

A wá ìwé ìgbéyàwó, a lọ búra ní kóòtù, mọ́gàjí ilé kọ lẹ́tà pé àwọn mọ̀ mí ní ìyàwó. A ya fọ́tò tí wọ́n ní kí n má rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ìyẹn kò sì nira. Nínú fọ́ọ̀mù náà wọ́n bèèrè orúkọ ìyá mi, àti bóyá ó wà láàyè. Mo kọ orúkọ wọn, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà pé wọ́n wà láàyè. Lẹ́yìn ìyẹn, a bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Bí mo bá ti pe Ṣábẹ̀, àbúrò mi á gbé fóònù sétí ìyá mi, ìyá mi á ní, "Ṣé ìwé náà ti jáde?" Wọn kì í kọ́kọ́ kí mi mọ́. Ìbéèrè yẹn ló ti di ìkíni.

Nígbà tí wọ́n pè wá n'Ìbàdàn, wọ́n yà wá sọ́tọ̀. Ọkọ mi wà ní yàrá kejì, èmi wà níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin yìí.

"Ìyá Ńlá ni mò ń pè wọ́n," ni mo wí.

"Orúkọ wọn gan-an, mà."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sọ ọ́, mà."

Ahọ́n mi kọ̀. Mo rí ojú Ìyá Ńlá níwájú mi, ó dà bíi pé wọ́n ń retí kí n tàbùkù wọn lójú àlejò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí ìwé, ó bèèrè orúkọ àwọn àbúrò ọkọ mi. Mo sọ Akọ̀wé, mo sọ Eyínfúnjowó. Ó wo bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ mọ àwọn èèyàn yìí lóòótọ́?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún un. Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Ìyàwó wo nínú ilé tìrẹ ló ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?" Ẹyin lohùn.  Ọmọ náà rọra dé bírò rẹ̀, ó sì kọ̀wé díẹ̀ sí i pẹ̀lú bírò mìíràn, aláwọ̀ pupa. Nígbà tí a ó fi jáde, wọ́n sọ fún ọkọ mi pé kò tíì dá àwọn lójú pé tọkọtaya tòótọ́ ni wá, àwọn máa tún pè wá.

Mo ti rò ó títí, mi ò lè dá ọmọ yẹn lẹ́bi tán. Àwọn kan wà tó ń torí ìwé ṣègbéyàwó. Kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé èmi kọ́? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo bú u láti Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn. Ìgbà tí a kọjá Ìsẹ́yìn ni ọkọ mi tó la ẹnu.

"Orúkọ lásán," ló wí. "Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í dákẹ́, orúkọ lásán ló wá dí ọ lẹ́nu."

"Ìyá ta ló ni orúkọ lásán?" ni mo bi í. 

Òun ló lọ rojọ́ fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ńlá ránṣẹ́ pè mí sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń po òrí. Òrí ti funfun dé ìgúnpá wọn, wọn kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí mo kúnlẹ̀.

"Mo gbọ́ pé wọ́n bi ọ́ ní orúkọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"O ò sì pè é."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mi ò lè pè é."

"Pè é báyìí."

Mo rò pé wọ́n ń dán mi wò ni. Mo dorí kodò. Wọ́n ní, "Ìyá ọkọ tèmi kú, mi ò pe orúkọ wọn rí títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé àfi tí mo bá pè é ni mo tó lè lọ fojú kan ìyá tó bí mi. Pè é, ìyàwó mi."

Mo pè é. Ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Mo tún un pè, ó sì jáde ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, gbogbo ẹ̀yìnkùlé gbọ́. Ìyáálé ilé sáré yọjú láti ilé ìdáná, ó ní, "Ha! Ta ló ń ya wèrè níbẹ̀ yẹn?"

Ìyá Ńlá dá òrí pípo dúró. "Ọ̀ọ́," ni wọ́n dáhùn, bí ọmọdébìnrin tí ìyá rẹ̀ pè láti inú ilé.  Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti pè mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ló ti wọlẹ̀ tán." Wọ́n ní kí n tún un pè. Èmi ń sunkún, àwọn ń rẹ́rìn-ín, a sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé, Ìyá Ńlá á mú mi jókòó, màá sì ka orúkọ gbogbo ará ilé bí ọmọ ilé kéwú tó ń ka wàláà. Eyínfúnjowó, tó ti di ọmọge báyìí, kì í lè mú ẹ̀rín mọ́ra tó bá kàn án. Mo ka orúkọ wọnyẹn títí wọn kò fi wúwo lẹ́nu mi mọ́. Ìbàdàn kò pè wá.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan, mo wà nínú kíláàsì nígbà tí àbúrò mi pè. Ìyá wa ti kú láàárọ̀. Wọ́n fẹ́ sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kò sì ku ju wákàtí kan lọ kí wọ́n kírun náà. Mo sáré délé, mo di ẹrù, mo jáde sí ẹnu ọ̀nà, ọkọ mi ti gbé ọ̀kadà síta. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé bí mo fò bí ẹyẹ, ilẹ̀ tí wọ́n ti dí ni màá bá. Mo sì gbọ́ ohùn ọmọ mi tó ń sunkún ọmú nínú ilé. Mo jókòó lé orí báàgì mi. Mi ò lọ.

Àbúrò mi sọ fún mi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ pé ní alẹ́ tó ṣáájú ikú wọn, ìyá wa tún bèèrè bóyá ìwé mi ti jáde. Òun purọ́ fún wọn pé ó ti jáde, pé mo wà lọ́nà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí n bú u. Inú bí mi sí ọ̀dọ́mọkùnrin Ìbàdàn, ó bí mi sí ọkọ mi, ó bí mi sí ìyáálé ilé tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bí mi sí ara mi jù. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá kan débi pé mi ò rí ojú ìyá kejì kó tó sùn.

Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó tún pè wá. Obìnrin àgbà kan ló bá mi sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ara rẹ̀ balẹ̀, ó fún mi lómi. Ó bèèrè orúkọ ìyá ọkọ mi, mo pè é. Ó bèèrè ti bàbá ọkọ mi, ti Akọ̀wé, ti Eyínfúnjowó, mo pè wọ́n láìdúró mí. Ó ń sàmì sí ìwé, ó ń mi orí. Nígbà tó yá, ó dúró.

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé ìyá yín wà láàyè."

"Wọ́n wà láàyè nígbà tí mo kọ ọ́."

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Ó yí fọ́ọ̀mù náà kọjú sí mi, ó fún mi ní bírò, ó ní kí n fa ìlà sí i, kí n kọ èyí tó tọ̀nà, kí n sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mo ń fa ìlà sí àṣìṣe àwọn ọmọ kíláàsì. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Mo fa ìlà náà, ó wọ́, mo sì kọ ọ́ pé wọ́n ti kú.

Ó gba ìwé padà, inú rẹ̀ dùn fún mi. Ó ní mo ti yege, ó ku kí ìwé jáde. Ó ní tó bá ti jáde, kò sí ẹ̀ṣọ́ ibodè tó máa dá mi dúró mọ́, ìgbàkígbà tó bá wù mí ni mo lè lọ sí Ṣábẹ̀.

"Kí n lọ bá ta?" ni mo bi í.

Ó rò pé mi ò gbọ́ ohun tó sọ ni. Ó rọra tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì.