Apẹ̀rẹ̀ Tòmátì Tí A Gbé Lọ Bẹ Kóòṣì

Òórùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkòsí. Òórùn kìíní ni ti tòmátì tí Mummy gbé bọ̀ láti ìsọ̀ wọn ní Mile 12, tí wọ́n dà sórí àpò lójúde, tí wọ́n sì ń ṣà: èyí tó le lọ́tọ̀, èyí tó ti rọ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó rọ̀ yẹn là ń pè ní ẹ̀sà. Ẹ̀sà kì í dé orí àtẹ; ẹ̀yìn ìsọ̀ ni wọ́n ti máa ń tà á ní ẹ̀dínwó fún àwọn tó ń se oúnjẹ tà. Òórùn kejì ni ti ìpara kan tó ń ta bí ata, tí Uncle Táyọ̀ máa ń fi ra orúnkún wọn kí wọ́n tó lọ sí ibi ìdárayá. Tí òórùn méjèèjì bá ti pàdé ní ihò imú mi, mo mọ̀ pé kò sí ilé-ìwé lónìí nìyẹn, àríyànjiyàn ló kù.

Uncle Táyọ̀ ni àbíkẹ́yìn ìyá Mummy. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti wá bá wa gbé, wọ́n sì ga débi pé wọ́n ní láti tẹrí ba kí wọ́n tó wọ yàrá èyíkéyìí nílé wa. Wọ́n ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ kan tó ń san owó oṣù, tí gbogbo àdúgbò wa ń pè ní Àwọn Tiwa. Àwọn Tiwa mọ aṣọ wọ̀, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sáré wọ pápá, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí wọn kò mọ̀ kò ju kí wọ́n borí lọ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ń pàdánù títí òjò fi dé. Tí ọ̀rọ̀ náà kò bá yí padà, wọ́n á já bọ́ sí ìpele kejì, Uncle Táyọ̀ sì ti sọ fún Mummy pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn kan lára àwọn máa lọ sílé.

Nílé wa, a kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún kóòṣì nìkan. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Sọ́ńdè, tí ìrẹsì ti wọ ikùn, ìjókòó á pé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Daddy mi, tí wọ́n ń ta páàtì mọ́tò ní Owódé Onírin, gbà pé ẹgbẹ́ kò yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì: ẹ yọ èyí tó ti jẹ, ẹ fi òmíràn sí i. Ẹni tó ga jù, tó máa ń dúró lábẹ́ àwọ̀n, ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n yọ, nítorí pé "ó kàn ga lásán ni, bọ́ọ̀lù kì í dúró lọ́wọ́ ẹ̀." Bàbá Láńdọ́ọ̀dù, àgbàlagbà tó ni ilé tí a ń gbé, ní ọjọ́ orí ni kí wọ́n tẹ̀ lé: kí ẹni tó dàgbà jù kọ́kọ́ wọlé, kí àbíkẹ́yìn gbẹ̀yìn, bí a ṣe ń pín ẹran. Mummy kì í dá sí i. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n bá wa dé ibi eré, wọ́n wo àwọ̀n yẹn títí, wọ́n wá ní, "Apẹ̀rẹ̀ tí ò nídìí, kí ló fẹ́ gbà dúró?"

Ṣùgbọ́n èmi ni ọ̀jọ̀gbọ́n. N kò tíì kúrò ní praimárì, n kò sì lè ju bọ́ọ̀lù kó kan àwọ̀n, àmọ́ kò sí ohun tí n kò mọ̀. Mo mọ ẹni tó yẹ kó máa gbé bọ́ọ̀lù wá, mo mọ ẹni tó yẹ kó máa jù ú láti òkèèrè, mo mọ ẹni tó yẹ kó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ẹnu mi kì í sinmi. Àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Kóòṣì Kékeré, ẹ kú iṣẹ́ o." Èmi á rò pé oyè ni wọ́n fi mí jẹ.

Nígbà tí ìdíje ọdún náà ń lọ sópin, mo jókòó ti Mummy ní Sátidé kan níbi tí wọ́n ti ń ṣà tòmátì, mo to ẹgbẹ́ tèmi sílẹ̀. Tàtàṣé gígùn kan ni ẹni abẹ́ àwọ̀n. Ata rodo ni bọ̀dá kúkurú tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá, nítorí pé ó ń ta. Àlùbọ́sà ni káńpítẹ́nì, nítorí ikùn rẹ̀. Mo fi tòmátì méjì dí ibi tó kù. Lẹ́yìn náà ni mo mú tòmátì kan tó pọ́n dáadáa, mo gbé e sórí pákó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ́tọ̀.

Mummy bojú wò ó. "Èyí tó wà lọ́tọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Uncle Táyọ̀ ni, ma. Tí àwọn yòókù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kóòṣì máa ń ní kí Uncle lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni."

Ọwọ́ Mummy dúró nínú tòmátì. Láyé tiwọn, ohun kan ṣoṣo ló ń gbé tòmátì sọ́tọ̀. "Àbúrò mi ni wọ́n sọ di ẹ̀sà? Kí ló ṣe fún kóòṣì?"

Ó yẹ kí n sọ pé n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n kì í sọ bẹ́ẹ̀. Mo ro ti ilé-ìwé wa, níbi tí Aunty wa ti máa ń ní kí aláriwo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn títí yóò fi tọrọ àforíjì. Mo ní, "Ó jọ pé Uncle ṣẹ̀ kóòṣì ni, ma. Wọn ò sì tíì lọ bẹ̀bẹ̀."

Ohun tó kù kò ṣòro mọ́. Ọmọ tó bá ṣẹ̀, tí kò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀, àgbà ilé ni yóò bá a bẹ̀ ẹ́. Mummy lọ bá Bàbá Láńdọ́ọ̀dù, Bàbá Láńdọ́ọ̀dù sì ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́." Daddy ní àwọn ò bá wa lọ, pé àwọn ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ bẹ mẹkáníìkì kó tó fi páàtì sí mọ́tò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, láìsọ fún Uncle Táyọ̀, a gbé odindi apẹ̀rẹ̀ tòmátì sí búùtù tákísí, èyí tó le, tí kò sí ẹ̀sà kankan nínú rẹ̀, a kọrí sí ilé kóòṣì ní Ọ̀jọ́ta. Wọ́n mú mi dání kí n lè túmọ̀ bí ọ̀rọ̀ eré bá le.

Ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni kóòṣì náà. Bó ti ṣílẹ̀kùn ni Bàbá Láńdọ́ọ̀dù ti ṣí fìlà, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ sí. Kóòṣì sáré gbá wọn mú lápá méjèèjì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Bàbá mi gan-an ò dàgbà tó yín."

Mummy ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní tiwọn. "Ẹ bá wa dárí ji Táyọ̀, Ọ̀gá. Ohun yòówù kó ṣe, ọmọdé ló ń ṣe é. A kì í mọ̀ ọ́n rìn, kórí má mì."

"Mummy, Táyọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Bó ṣe ń jókòó yẹn, ó ń wo game ni. Òun ló máa ń rí ibi tí àwọn yẹn fẹ́ gbà wọlé. Tí nǹkan bá ti ń bàjẹ́, òun ni first person tí mo máa ń pè. Ipò ẹ̀ nìyẹn."

Mummy wò mí pé kí n túmọ̀. Mo mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ irú àwáwí bẹ́ẹ̀ rí.

"A ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ọmọ mi," ni Bàbá Láńdọ́ọ̀dù wí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kó bá wọn bẹ̀rẹ̀."

Kóòṣì wo fìlà tó wà lọ́wọ́ arúgbó, ó wo Mummy lórí ìkúnlẹ̀, ó wo apẹ̀rẹ̀ tó dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló fẹ́ sọ pé òun ò gbà? Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ti tán, sà. Táyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní Saturday."

Eré ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ló máa sọ bóyá Àwọn Tiwa á dúró tàbí wọ́n á já bọ́. Gbogbo ilé wa ló lọ. Nígbà tí wọ́n pe àwọn márùn-ún tó máa bẹ̀rẹ̀, tí orúkọ Uncle Táyọ̀ wà níbẹ̀, omi ayọ̀ bọ́ lójú Mummy. Èmi ń sọ fún ẹni tó jókòó tì mí, tí kò bi mí léèrè, pé èmi ni mo ṣètò ẹ̀. Uncle Táyọ̀ ń wẹ̀yìn wo bẹ́ǹṣì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.

Uncle sáré, wọ́n fò, wọ́n làágùn, ṣùgbọ́n ibi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò ni wọ́n máa ń dé. Ẹni tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ìdajì kejì dé, tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, mo rí kóòṣì tó yíjú sí bẹ́ǹṣì láti pe ẹni tó máa ń pè. Àyè ẹni náà ṣófo. Inú pápá ló wà, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí kóòṣì sọ ní Ọ̀jọ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ojú tì mí débi pé mo dákẹ́, Daddy sì bèèrè bóyá ara mi ò yá. Àwọn Tiwa já bọ́.

Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ̀ ní àdúgbò wa pé tòmátì ló gbé ẹgbẹ́ yẹn ṣubú. Ìyàwó kóòṣì ló tú àṣírí fún Uncle Táyọ̀: ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Mummy, pé tòmátì náà dára, òun ti lọ̀ ọ́ sínú fìrísà. Uncle Táyọ̀ wọlé, wọn ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Mummy lójúde, láàárín tòmátì, ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan géètì. "Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jókòó."

Mummy yí tòmátì kan lọ́wọ́ títí. "Ìjókòó ọ̀hún náà, iṣẹ́ ni?"

"Iṣẹ́ ni, ma. Iṣẹ́ mi ni."

Wọ́n ní kí àwọn kan máa lọ sílé lóòótọ́ lọ́dún yẹn. Kóòṣì mú Uncle Táyọ̀ dání lọ sí ìpele kejì, wọ́n sì padà sórí bẹ́ǹṣì wọn. Mummy rán ìrọ̀rí kékeré kan fún wọn, pé bẹ́ǹṣì yẹn le. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àwọn Tiwa tó gòkè padà, orí ìrọ̀rí yẹn sì ni Uncle Táyọ̀ ti máa ń dìde lọ gbà wọ́n là.

Lónìí, mo ti di ẹni tí wọ́n ń pè ní Madam ní ọ́fíìsì. Ẹ́síteètì tó ní géètì ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Ìkòsí. Mo máa ń dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ mi, mo máa ń sọ fún wọn pé kálukú ló ní ipò tirẹ̀, pé ẹni tó jókòó ò kéré sí ẹni tó dúró. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi wọ ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé wọn, mo sì lọ wo eré. Wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn òbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, "Ó ń wo eré ni." Ní òwúrọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wà ní Mile 12, mò ń ná tòmátì.

Ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ nígbà tí alábàárù gbé apẹ̀rẹ̀ náà sí búùtù. "Mummy, ta lẹ fẹ́ gbé gbogbo tòmátì yìí fún?"

Mo ní ọbẹ̀ ni. Mo tún ní mo kàn fẹ́ yà kí Uncle tó ń kọ́ wọn ní básíkẹ́ẹ̀tì, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà wa náà ni. Uncle Táyọ̀ ti bá tèmi jẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti sọ ìtàn náà fún ọmọ yìí títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó fa bẹ́líìtì ọkọ̀ rẹ̀ wọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mummy, ẹ jẹ́ n jókòó."

Mo yí ọkọ̀ padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ tòmátì, fìrísà wa kò gba nǹkan mìíràn mọ́. Ọmọ tó to ata sílẹ̀ lójúde Mummy lọ́jọ́sí, ọmọdé ló ń ṣe é. Èmi tí mo gbé apẹ̀rẹ̀ sí búùtù yìí, ẹ bá mi wá ohun tó ń ṣe mí.