Ẹja Mẹ́ta Inú Kànga

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí títì àdúgbò wa ní Ìgàndó, èmi àti bàbá kan tí yàrá wọn kángun sí tiwa la jọ máa ń lọ sódò ní gbogbo Sátidé. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe torí ọbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀ pẹja; wọ́n kàn fẹ́ràn kí wọ́n jókòó ti omi ni. Èmi ni mo máa ń wa ekòló. N ò lọ́rẹ̀ẹ́ nílé ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo máa ń mọ̀ pé ẹnì kan ń retí mi.

Bí a bá mú ẹpìyà tí ẹyin kún ikùn rẹ̀, a máa ń dá a padà sómi ni.

Lọ́dún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Omi odò lọ sílẹ̀, ó gbóná bí omi ìwẹ̀, àwọn ẹja sì ń yọ ẹnu síta, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá ní afẹ́fẹ́ kì í tó nínú omi gbígbóná. A bá kó mẹ́ta tó ní ẹyin sínú garawa, a dà wọ́n sí kànga ilé wa, kí wọ́n lè wà láàyè títí òjò á fi dé.

Ìyá onílé pariwo: "Bàbá, ṣé kànga mi lẹ wá fẹ́ sọ di odò ni?"

"Ayálégbé jẹ́jẹ́ ni wọ́n jàre, ìyá. Wọn ò ní tan jẹnẹrétọ̀."

Ojoojúmọ́ ni mò ń yọjú wo kànga náà. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, inú mi dùn débi pé n ò lè jẹun. Bàbá ní ká ṣì ní sùúrù, pé òjò ayé ìsinsìnyí ò ṣeé gbọ́kàn lé. Mo ṣáà ń bẹ̀ wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, òjò ti dé, àbí ẹ ò rí i?" Wọ́n wo ojú mi títí. "Ó dáa, màmá," ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe máa ń pè mí. A dá àwọn ẹja náà padà sódò.

Odindi oṣù kan, òjò ò tún rọ̀. Odò náà di ẹrẹ̀. A rí òkú ẹja lójú ẹrẹ̀ náà. N ò mọ̀ bóyá àwọn tiwa ni, àmọ́ lọ́kàn tèmi, àwọn ni. Bàbá ò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí, torí bí wọ́n ṣe dákẹ́ yẹn, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo pa gbogbo ẹja odò. Nígbà tí òjò wá dé tán, àgbàrá ló gbé wá. A jókòó ní ọ̀pọ̀ Sátidé, ìwọ̀ ò mì. Kí ọdún tó parí, àwọn ọmọ bàbá wá mú wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo ti parí yunifásítì báyìí, mò ń wáṣẹ́. Mo ti kà á pé ojú ọjọ́ ló ń yí padà, pé kì í ṣe ẹ̀bi ọmọdé kankan. Mo gbà, àmọ́ ọkàn mi ò tíì gbà.

Ẹ̀yin àbúrò mi, inú yìnyín lọ́jà lẹ mọ ẹja sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín bi mí bó ṣe máa ń rí lára bí ẹja bá fa ìwọ̀. Mo ṣàlàyé títí, kò yé e. Mo bá so òwú mọ́ ọ̀kan nínú ìka rẹ̀, mo rọra fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹjú mọ́ òwú náà.

Ó ní, "Ẹ tún fà á."

Mo tún fà á. Ó wù mí kí ẹnì kan fà á fún èmi náà.