Nọ́ńbà Mọ́kànlá Tí Mo Kọ́kọ́ Mú

Nígbà tá a ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, bàbá mi dá eré kan sílẹ̀ nínú ilé wa tá a ń pè ní Mú Tìẹ. Mi ò rí ilé míì tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bàbá mi á ti ibi iṣẹ́ dé láti Ìkẹjà tòun ti ìwé ìròyìn lábẹ́ abíyá, á bọ́ bàtà, á sì tẹ́ ojú ewé eré ìdárayá sórí tábìlì. Orúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù líìgì lọ́jọ́ kejì ló máa ń wà níbẹ̀. Àwa mẹ́rin la ń ṣe eré náà: bàbá mi, màmá mi, èmi àti ìkejì mi ọkùnrin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú agbábọ́ọ̀lù márùn-ún. Ẹni tá a bá ti mú, ó ti lọ nìyẹn, ẹlòmíì ò lè mú un mọ́. Tí ẹni tó o mú bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, o gba máàkì mẹ́ta. Tó bá jẹ́ òun ló gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó gbá a wọlé, o gba méjì. Tí aṣọ́lé tó o mú ò bá jẹ góòlù kankan, méjì náà ni.

Kò sí ìkankan nínú wọn tá a rí rí. Orí rédíò la ti mọ̀ wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń sá bátìrì sóòrùn lórí ògiri kànga kó lè lágbára díẹ̀ sí i, tó bá sì di ọ̀sán, a óò jókòó ká rédíò nínú ooru yẹn, ojú gbogbo wa á máa ṣú lọ. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti apá Ìgàndò, èéfín ààtàn á bá a wọlé, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo yàrá á fi rí bàìbàì. Ohùn ẹni tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ á máa wá, á tún máa rá. Inú ohùn yẹn ni mo ti ń rí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Mo fún wọn ní ojú, mo fún wọn ní ìrìn. Ẹlòmíì wà nínú wọn tí mo fún ní ilà lẹ́rẹ̀kẹ́ nítorí pé orúkọ rẹ̀ gùn.

Bí kálukú ṣe ń mú tirẹ̀, ìwà rẹ̀ lò ń wò yẹn. Bàbá mi fẹ́ràn àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù, inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló sì ti máa ń kó wọn, bí ẹgbẹ́ náà bá ti sùn, òun náà sùn nìyẹn. Màmá mi, aṣọ́lé ló ń kọ́kọ́ mú. Ó ní, "Ilé là á kọ́kọ́ ṣọ́, kéèyàn tó máa rìn kiri." A máa ń fi í rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ló ń jẹ jù nínú wa.

Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Bàbá mi, lẹ́yìn náà màmá mi, ó wá ku àwa méjèèjì. Ìbejì ni wá. Òun ló kọ́kọ́ jáde, èmi tẹ̀lé e, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Èmi ni mo rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Nítorí náà mo fàáké kọ́rí pé èmi ni màá máa mú kó tó mú. Kò bá mi jà. Ohun tí mi ò rò ni pé ẹni tó bá mú kẹ́yìn ló tún ń kọ́kọ́ mú nígbà tí mímú bá ń padà lọ sọ́dọ̀ bàbá mi, pé méjì léraléra lòun máa ń mú, nígbà tí èmi ń dúró de ìyókù. Ó tó ọdún kan gbáko kó tó yé mi. Ìgbà tó yé mi náà, ojú ń tì mí láti sọ pé mi ò ṣe ẹ̀gbọ́n mọ́.

Nínú méjì tó ń mú yẹn, ọ̀kan ò yí padà. Agbábọ́ọ̀lù kan wà tó ń wọ nọ́ńbà mọ́kànlá, tó máa ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ òsì pápá. Kì í gbá bọ́ọ̀lù wọlé púpọ̀, kò sẹ́ni tó ń bá ìkejì mi dù ú. Àmọ́ tí wọ́n bá ti dá orúkọ rẹ̀ lórí rédíò, ìkejì mi á dìde dúró. Kò mọ̀ pé òun ń dìde.

Lọ́dún tá a pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n pinnu pé kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa ní Ìbàdàn, kó lọ kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kó lọ ni bàbá mi mú tíkẹ́ẹ̀tì méjì bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹgbẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè, ní Sátidé tó máa tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀. Bàbá mi ní, "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ́la ló máa bá mi lọ."

Ìkejì mi fa ojú ewé náà sún mọ́ ara rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń fẹ́, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ebi ara mi. Àmọ́ èmi náà fẹ́ lọ, mi ò ní purọ́. Bàbá mi mú tirẹ̀, màmá mi mú aṣọ́lé. Ó kàn mí. Mo gbé ìka lé orúkọ nọ́ńbà mọ́kànlá.

Bàbá mi wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. "Ṣó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Kì í ṣe pé mo rò pé ó máa gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Mo mọ̀ pé tí mo bá mú un, ọkàn ìkejì mi á dàrú, kò ní lè mú èyí tó kù dáadáa. Bó ṣe rí nìyẹn. Ó mú méjì tí kò nítumọ̀, ó ní, "Ó ti tó, ó ku ìwọ." Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà mọ́kànlá gbá ọ̀kan wọlé, ó tún gbé ọ̀kan fún ẹlòmíì. Ìkejì mi ò dìde. Èmi ni mo jẹ.

Nígbà tí Sátidé náà pé, a dé pápá ní ọ̀sán gangan. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ohùn. Ariwo pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ fún mi ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn kéékèèké ń sáré lórí koríko nínú oòrùn, mi ò dá ẹnì kankan mọ̀ nínú wọn. Mo wá nọ́ńbà mọ́kànlá. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹlòmíì ni. Bàbá mi bi ọkùnrin tó jókòó tì wá, ọkùnrin náà ní ẹsẹ̀ ẹni tí à ń bèèrè rọ́ níbi ìdánrawò, kò tiẹ̀ bá wọn wá sí Èkó. Nígbà kan mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi láti sọ fún ìkejì mi pé kó wò bí koríko yẹn ṣe tutù tó. Bàbá mi ló wà níbẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà.

Ìrọ̀lẹ́ la padà dé. Bàbá mi lọ wẹ̀. Ìkejì mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti di ẹrù rẹ̀ tán sínú àpò kan. Ó sún fún mi.

"Ṣó ga?" Bó ṣe bi mí nípa nọ́ńbà mọ́kànlá nìyẹn.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọjọ́ Ajé ló ń lọ. Mo ní, "Kò ga. Àmọ́ tó bá ń sáré, wàá rò pé ó ga ni."

"Ẹsẹ̀ wo ló fi ń dá bọ́ọ̀lù dúró?"

"Ẹsẹ̀ òsì. Á kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ó gbàgbé nǹkan, kó tó lọ."

"Mo mọ̀," ló wí. Ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún. "Máa sọ ọ́ lọ."

Mo sì ń sọ ọ́ lọ. Mo sọ bí ó ṣe fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè, bí ó ṣe na ọwọ́ sí wa lápá ibi tá a jókòó sí. Ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn láti gbọ́, ó dùn mọ́ mi láti sọ, ìgbà tó yá èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọkùnrin náà.

Ọjọ́ Ajé, ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti Ìyànà-Ìpájà. Nígbà tá a sìn ín tá a padà délé, èmi àti màmá mi ń fọ àwo àárọ̀ lẹ́yìn ilé. Màmá mi ní, "Ó dùn mí pé ọmọ tẹ́ ẹ lọ wò yẹn ò gbá bọ́ọ̀lù."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

"Rédíò ni. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni wọ́n ti sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Èmi àti ìkejì rẹ la jọ gbọ́ ọ. A tiẹ̀ gbọ́ ọ tán pátá, títí wọ́n fi fọn fèrè."

"Kí ló wá sọ, mà?"

"Ó ní òun á dúró kó o dé, kó o wá ròyìn."

Mo gbé àwo tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Ó ti mọ̀ kí n tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ nígbà tó ń bi mí pé ṣó ga.