Kọ́kọ́rọ́ Kejì

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé wa ní Èmùré. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ṣe é lókè òkun, àlòkù sì ni nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin rà á. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá débi pé kò ní orúkọ mọ́. Bí ẹ bá bi ìyá mi, á ní àwọ̀ eérú ni. Bí ẹ bá bi èmi, mo lè ní àwọ̀ omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

Àbúrò mi fi ṣe kábúkábú láàárín Èmùré àti Ìkéré fún ọdún mẹ́ta. Èrò mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, àpò gàrí nínú búùtù. Nígbà tó yá, epo wọ́n, ọ̀nà bàjẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí á sì dákẹ́ bí mo bá ti yọjú. Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ó gba òkè Ọya lọ. Ó ní àwọn máa la aṣálẹ̀ kọjá, pé iṣẹ́ wà ní òdìkejì òkun.

Àárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún mi ní ọ̀kan. Ó ki okùn bàtà bọ èkejì, ó fi kọ́rùn. Ìyá wa wò ó títí.

"Kí lo fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣe níbi tí ọkọ̀ ò sí?"

"Màmá, kí Àǹtí mi má baà tà á kí n tó dé ni."

"Ta ló fẹ́ ra pàǹtí yìí lọ́wọ́ mi?" Èmi nìyẹn. A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rín yẹn wà lára ohun tí mo ṣì ń gbọ́.

Nígbà tó pè kẹ́yìn, atẹ́gùn ń fẹ́ sínú fóònù bí ẹni ń fẹ́ èlùbọ́. Ó béèrè àlàáfíà ọkọ̀ kó tó béèrè tèmi. Ó ní kí n máa tan án lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí bátìrì má baà kú. Ó ní kí n sọ fún Màmá pé kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́rùn òun. Ọdún kẹfà rè é. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ gbé fóònù nígbà kan, ó ní àwọn pínyà síbì kan, òun ò sì mọ orúkọ ibẹ̀.

Bí èmi, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣe di awakọ̀ nìyẹn. Àtọ̀gbẹ ń bá ìyá mi fínra, egbò kan sì yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni a gbọ́dọ̀ wà ní ọsibítù ní Ìkéré kí wọ́n lè wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sì dì í. Dókítà ti sọ ọ́ lójú wa pé bí egbò náà bá fi lè wọ egungun, gígé ni ẹsẹ̀ náà. Ìyá mi sanra, orúnkún rẹ̀ ò sì ká dáadáa mọ́. Kò lè gun ọ̀kadà. Ọkọ̀ èrò ńkọ́? Ẹ gbé e dé gáréèjì ná, ká tó sọ ti bí wọ́n á ṣe fún un mọ́ àárín ẹni mẹ́ta. Pàǹtí abẹ́ máńgòrò ló ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ró.

Mo wá fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Orí kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, ibi dúdú tí èèyàn ń dì mú, ti sán. Rọ́bà ni mo fi ń dì í. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò Màmá lọ́wọ́, mo ya sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá ọjà Ìkéré. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó yọ irin kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi sínú orí tuntun, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sókè.

"Àǹtí, ẹ wò ó! Ẹ ò rí i pó ti di ìyàwó ọ̀ṣìngín?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ògbólógbòó yìí ńkọ́? Ṣé ẹ máa mú un lọ?"

"Kí n fi ṣe kí ni? Ẹ bá mi da ìdọ̀tí yẹn nù."

Ó jù ú sórí ààtàn tó ń rú èéfín lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọọ̀dù. Ẹ́ńjìnnì yí, ó yí, kò gbà. Mo gbìyànjú títí bátìrì fi rẹ̀. Ìyá mi wà lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kí n tó rí ẹni fi okùn fa ọkọ̀ náà dé Èmùré pẹ̀lú wa nínú rẹ̀.

Rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ládùúgbò wa ló là mí lójú. Ó wo kọ́kọ́rọ́, kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Àǹtí, níbo ni orí àtijọ́ wà?"

"Mo ní kí wọ́n dà á nù."

"Ye!" Ó fọwọ́ lérí. Ó wá ṣàlàyé pé nǹkan kan wà nínú ibi dúdú yẹn, kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, pé nǹkan yẹn gan-an ni ọpọlọ ọkọ̀, àpótí kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, mọ̀. Irin kàn ń yí lásán ni. Bí ọpọlọ ọkọ̀ ò bá ti rí hóró náà, kò sí agbára tí èèyàn lè sa.

Mo padà sí Ìkéré. Èmi àti agékọ́kọ́rọ́ fi asẹ́ jọ eérú ààtàn náà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. A rí ìdérí ìgò, a rí abẹ́rẹ́, a rí eyín ewúrẹ́. Ọkùnrin náà ń bẹ̀ mí ṣáá. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Kọ́kọ́rọ́ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni mo mọ̀ jù, ìwọ̀nyẹn ò ní nǹkan kan nínú." Kò sọ pé èmi ni mo ní kó dà á nù. Nígbà tí mo délé tí ìyá mi bi mí pé ta ló da nǹkan náà nù, mo ní agékọ́kọ́rọ́ ni. Ó ṣépè fún un. Mo dúró síbẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi ní Àkúrẹ́, tó ń fi ẹ̀rọ kọ kọ́kọ́rọ́ tuntun sínú ọpọlọ ọkọ̀. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀rọ rẹ̀ rí bíi síléètì àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó so wáyà rẹ̀ mọ́ abẹ́ ibi ìdarí ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Kọ́kọ́rọ́ méjì ni ọkọ̀ yìí mọ̀. Ọ̀kan lẹ ní ó ti sọnù. Èkejì ńkọ́?"

Mo wo ìyá mi. Ó jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lórí àpótí.

"Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín," ó wí.

"Ẹ ní kó mú un wá, Màmá. Kò ní gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ó rìnrìn àjò."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

Adìẹ kan kọjá lábẹ́ ọkọ̀. Ìyá mi tẹjú mọ́ adìẹ náà. Ọkùnrin náà kì í ṣe aláìlóye, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ mọ̀ nílẹ̀, òun máa ní láti pa gbogbo èyí tó mọ̀ rẹ́ kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀ kóun tó kọ tuntun sí i. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni yẹn, ọkọ̀ ò ní gbà á mọ́.

"Ọkọ̀ ò ní mọ ọmọ mi mọ́?"

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni, Màmá."

"Tú wáyà rẹ kúrò níbẹ̀."

"Màmá," mo ní, "ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, kì í ṣe tìrẹ. Bó bá dé ulé yìí, tó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ ò dá a lóhùn, kí lo fẹ́ kó rò? Á ní a ti ka òun mọ́ òkú."

Ọkùnrin ará Àkúrẹ́ náà ló fi ọ̀nà kan hàn wá kó tó máa lọ. Ó ní bí a bá rí irú ọkọ̀ yìí gan-an tó ti kú, kí a ra ọpọlọ rẹ̀, ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pọ̀, nítorí àwọn mẹ́ta yẹn ti mọra. A lè tú ti àbúrò mi, kí a fi wọ́n rọ́pò rẹ̀. Ọpọlọ tó mọ ọmọ Màmá á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tó bá dé, kí a dá a padà. Ìyá mi gbọ́, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Èyí tóo sọ yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkú ọkọ̀ kiri bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Ọjọ́ Sátidé ni, àti ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, èmi àti rìwáyà wa. Ní Ìsẹ̀, ọlọ́jà àlòkù kan gbé ọpọlọ kan jáde fún mi, ó bu ẹnu fẹ́ eruku orí rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti tiwa mu títí dé lẹ́tà ìkẹyìn, ibẹ̀ ló ti yà. Rìwáyà wa ní lẹ́tà kan yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pé ẹnu wáyà rẹ̀ ò ní wọ inú ara wọn láéláé. Ní Òde-Èkìtì, a rí ọpọlọ, a rí ihò kọ́kọ́rọ́, lẹ́tà pé. Kọ́kọ́rọ́ ni kò sí. Ọ̀gá ibẹ̀ ní àwọn tó fa ọkọ̀ náà wá ò bá a nínú rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìlú Ọ̀rùn. Bàbá àgbẹ̀ kan ní irú ọkọ̀ wa gan-an lẹ́yìn ilé, láàárín oko kòkó rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sára ògiri yàrá, orí rẹ̀ pé. Bàbá náà mú wa lọ síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rọra o, Àǹtí. Àwọn onílé wà nínú ilé."

Adìẹ mẹ́ta ló ń sàba lórí ìjókòó. Rìwáyà wa kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó fa nǹkan jáde. Eku ti jẹ wáyà, omi òjò ti wọnú ọpọlọ, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo inú rẹ̀ bí ìsàlẹ̀ ìkòkò bàbà. Bàbá náà ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ní gbogbo àsìkò yìí, egbò ò dúró dè wá. Ọkọ̀ tí mo háyà wá lẹ́ẹ̀mẹta, kò wá mọ́, awakọ̀ rẹ̀ ní òórùn ẹsẹ̀ Màmá ń lé èrò. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ egbò, mò ń wẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ìka ẹsẹ̀ méjì dúdú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ti Ọ̀rùn dé, ìyá mi wo ojú mi, kò béèrè ohun tí mo rí. Ó ní, "Pe ọkùnrin ẹlẹ́rọ yẹn."

Nígbà tó dé, ìyá mi ní kí a gbé òun sínú ọkọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ló jókòó sí. Bí ọkùnrin náà ṣe ń so wáyà, Màmá bi í léèrè.

"Ulẹ̀kùn ńkọ́? Ulẹ̀kùn náà ò ní mọ̀ ọ́n?"

"Rárá, Màmá. Eyín irin ni ilẹ̀kùn ń wò. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á ṣí i. Ọkọ̀ ni ò kàn ní tan."

"Á lè jókòó sínú rẹ̀."

"Á lè jókòó."

"Ó dáa. Pa á rẹ́."

Ẹ̀rọ náà ké fíìn lẹ́ẹ̀kan. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tuntun, mo yí i, ọkọ̀ tan bíi pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ìyá mi ní kí n máa lọ, ojú ọ̀nà ni kí n máa wò.

A ti pẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lókè orúnkún. Ọkọ̀ yìí kan náà ni mo fi gbé e padà wálé, àyè sì wà dáadáa lẹ́yìn.

Ní òjò ọdún yìí, ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mo gbé e lọ bá agékọ́kọ́rọ́ ní Ìkéré. Láti ọjọ́ tí a ti jọ eérú yẹn, kò gba owó lọ́wọ́ mi mọ́ bí mo bá gbé iṣẹ́ wá, èmi náà ò sì tíì jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó mi orí.

"Àǹtí, inú rẹ̀ ti jẹ tán o. Àmọ́ oríire yín ni, mo ní tuntun tó bá a mu nílé, tòun ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí n yọ ti àtijọ́ dànù?"

"Ẹ má yọ ọ́. Ẹ bá mi fi gírísì sí i."

"Gírísì ò ní jẹ́ kó pẹ́."

"Mo mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lọ́rùn ẹnìkan. Ẹ bá mi fi sí i."

Ó nawọ́ mú agolo gírísì.