Ayálégbé Ni Ọkọ Mi Bi, Kò Bi Onílé

Tún-Un-Wò ni wọ́n ń pe ọkọ mi níbi iṣẹ́. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ló bá a dé sàréè. Bó bá ti ilẹ̀kùn, á padà lọ fọwọ́ tì í wò. Bó bá so okùn bàtà, á tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. Nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó máa ń bí mi nínú. Mo ní, "Olówó orí mi, ṣé èmi náà lẹ fẹ́ tún wò kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹ ti gbéyàwó?" Ó ní, "Mo ti wò ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. O pé."

Ó pé oṣù mẹ́rìnlá tó ti papò dà. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò torí ẹkún kọ èyí. Ẹkún ní àyè tirẹ̀. Mo kọ ọ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ wa lè mọ ẹni tí bàbá àgbà wọn jẹ́.

Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan tó tutù bí inú fìríìjì. Kọ̀ǹpútà ńláńlá méjìlá ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n sórí irin bí ìwé lórí pẹpẹ, wọ́n sì ń kùn bí oyin. Súwẹ́tà tí mo hun ló máa ń wọ̀ síbẹ̀ nígbà tí oòrùn ń jó àwa yòókù níta.

Bó ṣe là á yé mi nìyí. Kọ̀ǹpútà ńlá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilé. Nínú ilé kan, kọ̀ǹpútà tí kò ṣe é fọwọ́ kàn lè wà bí ogún. Ayálégbé ni wọ́n. Ìwé àwọn aláìsàn wà lọ́dọ̀ ọ̀kan, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́dọ̀ òmíràn, kálukú sì gbà pé òun nìkan ló ni ilé. Bó bá di dandan, wọ́n lè gbé ayálégbé láti ilé kan sí èkejì láìjí i lójú oorun. Onílé, ètò tó ń ṣàkóso ilé kọ̀ọ̀kan, ló mọ ìpìlẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà gan-an. Àwọn tó ṣe ọpọlọ yẹn ti kọ àṣẹ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, nípa bí yóò ṣe máa ronú. Nígbà míì wọ́n á rí i pé àṣẹ kan ní ihò tí olè lè gbà yọjú. Wọ́n á fi àtúnṣe ránṣẹ́, àtúnṣe kọ̀ọ̀kan á sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yẹn lèèyàn fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ti dí ihò.

Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ dé ní ọdún tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ mi ṣe olórí yàrá. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣeré, ní kó parí rẹ̀ kí ọjọ́ Ajé tó mọ́, nítorí àwọn ará ilé ìwòsàn ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà láti gba ìwé ẹ̀rí pé ìwé àwọn aláìsàn wọn wà láìséwu. Ọkọ mi ṣe é. Ó fọwọ́ sí i pé ilé méjìlá ti pé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, à ń mu tíì, mo sì ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ilé keje nìkan ló ṣagídí. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó ṣí, ni mo bá gba ọ̀dọ̀ ayálégbé wọlé. Ó sọ nọ́ńbà tuntun fún mi kíá."

Mo ní, "Ìgbà wo ni ayálégbé yẹn débẹ̀?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Ilé kẹta ni mo ti gbé e wá."

Ẹ̀rín pa mí. Mo rán an létí ìgbà tá a kó kúrò ní yàrá wa àkọ́kọ́. Odidi oṣù kan ni mo fi ń sọ fún àlejò pé, "Ẹ lọ fọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé," bẹ́ẹ̀ ilé tuntun ò ní ẹ̀rọ omi kankan lẹ́yìnkùlé. Irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Ilé àná ló ṣì wà lẹ́nu mi.

"Ẹ wá lọ bi ayálégbé nípa ìpìlẹ̀ ilé?" mo ní. "Onílé ńkọ́?"

Ó gbé ife sílẹ̀. "Aya mi," ó ní, "o ti pa mí."

Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tó jáde láìtún okùn bàtà wò. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti padà dé. Àtúnṣe kò wọ ilé keje rárá. Nọ́ńbà ilé kẹta ni ayálégbé yẹn gbọ́ nígbà tó jí lọ́hùn-ún, òun náà ló ń tún sọ. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló kù.

"Ta ló mọ̀?" mo bi í.

"Èmi àtìwọ."

Ọdún mẹ́fà ló ti ń retí ipò yẹn. Bó bá sọ̀rọ̀, ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá panu mọ́, olè lè máa ka àìsàn ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò sọ fún un pé kó panu mọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà dé etí ètè mi. Ó wo ojú mi, ó ní, "Má sọ ọ́."

Ẹlẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò náà, ló ròyìn ọjọ́ kejì fún mi. Ó ní ọkọ mi dìde níwájú gbogbo àlejò. "Ilé mọ́kànlá ni mo tún ṣe. Mo fọwọ́ sí ilé keje náà, mi ò sì tún un ṣe. Ayálégbé ni mo bi."

Ẹlẹ́rìn-ín ní òun pariwo pé, "Tún-Un-Wò, ìwọ náà ò tún un wò!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé ìwòsàn fún wọn lọ́jọ́ méjì, iṣẹ́ sì parí. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n fi ṣe olórí.

Ọkọ mi wọlé lọ́jọ́ náà, ó bọ́ súwẹ́tà. "Wọn ò fún mi."

"Mo mọ̀. Ẹ wá jẹun."

Ó jẹun. Ó sùn bí ọmọ tuntun. Mo wò ó títí, orí mi sì wú.

Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín wá kí mi kú ará-fẹ́-ra-kù, ó mú ìwé kan wá. Ó ní ọkọ mi ló kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé keje. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ kà á. Bí ẹnikẹ́ni bá ní nọ́ńbà ti pé, gbogbo yàrá á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ta lo bi?"

Ó kà á fún mi. "Onílé ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má bi ayálégbé. Bẹ́ ẹ bá máa sọ nọ́ńbà fún ayálégbé, ẹ sọ èyí tó kéré jù lọ nínú gbogbo ilé tẹ́ ẹ lè gbé e lọ, kó má baà máa fi ohun tí kò ní bá a dé ilé kejì yangàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ayálégbé dáwọ́ lé àtúnṣe ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ onílé ni."

Ó wá sún mọ́ fèrèsé, nítorí ìlà ìsàlẹ̀ ti ń ṣá.

"Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bi mí."

Ọkùnrin yẹn ò sọ ọ́ fún mi rí. Mo ní kí Ẹlẹ́rìn-ín tún un kà. Ó tún un kà.