Ọjọ́ Tí Páráṣúùtì Fa Ọrùn Mi

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró kan nínú ọrùn mi, bí ìgbà tí èèyàn bá fa aṣọ tuntun ya. Ojú òfurufú ni mo wà nígbà náà, lókè pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré kan lẹ́yìn ìlú Berlin. Ọ̀sán Sátidé ni, ní ọdún tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé ní Jámánì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọwọ́ páráṣúùtì mi ni. Ó máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú aṣọ ká, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, gbàmù, ó sì já mi gbà lójú afẹ́fẹ́. Orí mi lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó sì yí sí ọ̀tún. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, òkùnkùn tó ní ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ nìkan ni mo rí. Nígbà tí ojú mi là, mo wo òkè. Páráṣúùtì tẹ́ dáadáa, kò ya, okùn rẹ̀ kò lọ́. Mo gbé ọwọ́, mo gbé ẹsẹ̀, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Mo darí rẹ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, mo sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ náà yóò ní kò sóhun tó ṣe mí.

Bọ́lánlé ni orúkọ mi. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Tempelhof ní Berlin ni èmi àti ọkọ mi, Káyọ̀dé, ń gbé pẹ̀lú Ìrètí ọmọ wa. Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ akẹ́rù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ló fi fífò kan ṣe mí lẹ́bùn ọjọ́ ìbí. Wọ́n so mí mọ́ àyà olùkọ́ kan, a jọ fò jáde. Ẹ̀rín ni mo ń rín tí mo fi balẹ̀, omijé sì wà lójú mi. Láti ìgbà náà ni mo ti kọ́ ọ títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí. Kò yé àwọn ará ìjọ wa. Káyọ̀dé náà kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sétí. Tí mo bá ti ń di báàgì mi ní àárọ̀ Sátidé, á kàn ní, “Ọlọ́run á mú ẹ bọ̀,” á sì wọ yàrá lọ.

Àwọn tí a jọ ń fò kì í ṣe oníwàǹwára bí àwọn èèyàn ṣe rò. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ ìgbànú àyà rẹ̀ wò, ti itan méjèèjì, àti ọwọ́ tí yóò fà. Sabine ló kọ́ mi, òun náà ló ń mójú tó ààbò ní pápá wa. Tó bá ń yẹ ìgbànú mi wò, ó máa ń fà á bí ìyá ṣe ń fa ọ̀já ọmọ, kó lè dá a lójú pé ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ìbẹ̀rù kì í ṣe ìtìjú. Tí afẹ́fẹ́ ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wàá padà kúrò lórí ìlà, ẹnikẹ́ni ò ní fi ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ yẹn, òun àti èmi tẹ́ páráṣúùtì náà sílẹ̀, a yẹ gbogbo rẹ̀ wò, a ò rí àbùkù kankan. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn bó ti wù kéèyàn ká a dáadáa tó. Ó wá wo bí mo ṣe di ọrùn mi mú.

“Lọ rí dókítà, Bola. Ọrùn kì í ṣe nǹkan àmúṣeré.”

Mo lọ ní Mọ́ńdè. Dókítà tí mo rí tẹ ọrùn mi síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní ẹran ara ló fà, ó fún mi ní oògùn ìrora, ó ní kí n máa fi nǹkan gbígbóná lé e. Mi ò dá a lẹ́bi, nítorí àmì tí ì bá fi mọ ohun tó ṣe mí kò tíì jáde. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀fọ́rí kan bẹ̀rẹ̀ tí kò jọ èyí tí mo mọ̀ rí. Ó ń ti ọrùn òsì gòkè, ó ń gba ẹ̀yìn etí, ó sì ń jókòó sídìí ojú. Ìró kan tún ń lọ nínú etí òsì mi, fìì, fìì, ó ń bá lílù ọkàn mi rìn. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ìró náà á yára. Mo ń lo oògùn, mo ń lọ síbi iṣẹ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Fọlákẹ́. Wilhelmsburg ni wọ́n ń gbé. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Káyọ̀dé dúró sílé nítorí Ìrètí ní ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́. Ní àárọ̀ náà, Àǹtí ti wọ sútánà funfun wọn, wọ́n ń da tíì sínú kọ́ọ̀bù fún mi, ni wọ́n bá dúró.

“Bọ́lá, wojú mi.”

“Kí ló dé, Àǹtí?”

“Ojú òsì rẹ kò ṣí tó ọ̀tún.”

Mo lọ wo dígí. Òótọ́ ni. Ìpéǹpéjú òsì ti wálẹ̀ díẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ sì ti kéré bí orí abẹ́rẹ́, nígbà tí ti ọ̀tún tóbi bó ṣe yẹ. Síbẹ̀ mo ní, “Ó lè jẹ́ àìsùn, mà.”

“Àìsùn kì í mú ojú kan ṣoṣo. Tí a bá ti dúpẹ́ tán, ọsibítù ló kàn. O gbọ́?”

Mo ní mo gbọ́. A wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Àwọn ọ̀dọ́ tó kun àsíá sójú pọ̀ nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń bá lọ. Bí a ṣe ń kọjá lórí odò Elbe, mo fẹ́ sọ fún Àǹtí pé kí wọ́n bá mi di báàgì mi mú. Ohun tó ti ẹnu mi jáde ni, “Ẹ bá mi àga.” Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Mo tún un sọ. “Ẹ bá mi ẹja.” Báàgì náà já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo wo ọwọ́ náà lórí itan mi bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

“Má bá mi ṣe irú eré yẹn,” ni Àǹtí wí. Wọ́n wá rí i pé etí ẹnu mi ti tẹ̀. Ojú wọn yí padà. “Gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì sókè.” Ọ̀kan ló gòkè.

Ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ oníbọ́ọ̀lù náà àti Àǹtí gbé mi bọ́ sílẹ̀. Àǹtí kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì pẹ̀lú sútánà funfun, wọ́n fi ọwọ́ kan gbé orí mi, wọ́n fi ọwọ́ kejì di fóònù mọ́ etí. “Meine Schwester,” àbúrò mi, ni wọ́n ń sọ. “Schlaganfall. Bitte schnell.” Schlaganfall ni rọpárọsẹ̀ ní èdè Jámánì, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yára. Mo gbọ́ ọ, ó sì yé mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyí, ẹ̀yin tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí èèyàn yín: ọkàn mi pé pérépéré. Ọ̀rọ̀ kún inú mi, ẹnu mi ni kò mọ ọ̀nà mọ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ lórí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Lẹ́yìn èyí, dókítà obìnrin kan mú àwòrán náà wá, ó ṣàlàyé fún Àǹtí, mo ń gbọ́. Iṣan ńlá méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ń gba iwájú ọrùn gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ògiri iṣan náà ní ìpele, bí ẹ̀wù tí wọ́n fi aṣọ míì tẹ́ nínú. Nígbà tí páráṣúùtì já mi gbà, aṣọ inú yẹn ya lápá òsì. Ẹ̀jẹ̀ wọ àárín ìpele méjèèjì, ó wú, ó fún ọ̀nà pọ̀, ó sì dì. Díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ dídì náà já, ó lọ dí iṣan kékeré kan nínú ọpọlọ. Dissektion ni wọ́n ń pè é. Iṣan ara tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ìpéǹpéjú àti ọmọlójú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wíwú náà ló fún un mọ́lẹ̀. Kì í ṣe àwọn tó ń fò nìkan ló ń ṣe. Jàǹbá ọkọ̀ lè fà á, kéèyàn yí ọrùn lójijì lè fà á, ọ̀dọ́ tó le koko náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tó wà lápá mi fún mi ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Dókítà náà kò fi nǹkan pa mọ́. Òmíràn lè já nígbàkigbà, oògùn náà sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú orí. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló léwu jù. Wọ́n ní kí n sùn gbalaja, kí n má yí ọrùn. Gbogbo ìgbà ni nọ́ọ̀sì ń wá tan iná sí mi lójú, tí yóò ní kí n fún ọwọ́ òun. Tí mo bá ti gbọ́ bàtà rẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ dán ọwọ́ ọ̀tún wò lábẹ́ aṣọ, kí n tó mọ ohun tí yóò bá. Ó ti ń gbéra díẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tún rọ pátápátá. Wọ́n sáré gbé mi padà sínú ẹ̀rọ. Àǹtí dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbàdúrà. Nígbà tí a bọ́ síta, dókítà ní kò sí nǹkan tuntun, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ló lọ sílẹ̀ jù. Ọwọ́ náà padà sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgboyà mi kò tètè padà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà, èdè Jámánì kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Mo ń bẹ nọ́ọ̀sì kan ní nǹkan, ó ń mi orí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kò tíì nítumọ̀. Àǹtí gbé orí sókè lórí àga.

“Yorùbá ló ń sọ,” ni wọ́n wí fún un ní èdè Jámánì. “Omi ló ń bèèrè.”

Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n sì sunkún. Èmi náà sunkún, mo sì mu omi.

Káyọ̀dé ti dé láti Berlin lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Ó kí Àǹtí, ó bi wọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun?” Ó wá jókòó, ó ń fi ìka rẹ̀ ra ìka ọwọ́ ọ̀tún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń retí kó sọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi. Kò sọ ọ́. Nígbà tí mo lè dáhùn ló tó ní, “Bọ́lá, inú ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yá ná.”

Ọ̀pọ̀ oṣù ni yíyá náà gbà, ní ilé ìtọ́jú kan ní Berlin àti nílé wa. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnì. Mo ń kọ́ orúkọ ṣíbí. Tí mo bá pè é ní nǹkan míì, Ìrètí á ní, “Nein, Mama, Löffel,” bí olùkọ́ tí sùúrù rẹ̀ ti ń tán. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lára mi láti wọn agbára oògùn náà. Wọ́n ní kí n má ṣe jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀ lónìí kí n sì pa á tì lọ́la, nítorí ẹ̀fọ́ ń bá irú oògùn tí wọ́n fún mi jà. Káyọ̀dé ló wá di alásè. Ìwọ̀n kan náà ló ń bù fún mi nígbà gbogbo, kò sì jẹ́ kí n tọrọ àfikún.

Sabine àti àwọn díẹ̀ láti pápá wá kí mi. Wọn ò mọ ibi tí wọn yóò fi ọwọ́ sí. Sabine bi mí léèrè ohun tí òun máa sọ fún àwọn tó ń kọ́ fífò lọ́wọ́. Mo wá ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Mo ní, tí páráṣúùtì bá já ẹnikẹ́ni gbà, tí ọrùn sì ń dùn ún pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí apá kan, kó lọ sí ọsibítù, kó sì sọ fún wọn pé òun fò. Kí wọ́n sì máa wo ojú ara wọn dáadáa.

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ìkẹyìn, iṣan náà ti ṣí padà, àpá kékeré ló kù. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ fò mọ́ láyé. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ ohun kan náà. Inú S-Bahn ni mo ti sunkún, ju bí mo ṣe sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ. Nígbà tí mo sọ fún Káyọ̀dé, mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó gbé oúnjẹ kúrò lórí iná, ó jókòó.

“Kí lo máa ń rí lókè yẹn gan-an? Mi ò bi ẹ́ rí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un. Ọ̀rọ̀ ń bọ́ lọ́nà, mo ń dúró, kò bá mi parí ọ̀kankan. Mo sọ nípa afẹ́fẹ́ tó nípọn bí ìrọ̀rí, nípa adágún omi tó ń tàn nísàlẹ̀, nípa ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń dé lẹ́yìn tí páráṣúùtì bá ṣí. Oúnjẹ tutù. Ó ní, “Ó dùn mí pé o ò lè lọ mọ́.” Inú tó ń bí i jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a sì sọ ìyẹn náà.

Ìpéǹpéjú mi ṣì wálẹ̀ díẹ̀ tó bá rẹ̀ mí. Ní ìgbà òtútù, ọwọ́ ọ̀tún mi kì í tètè mọ omi gbígbóná yàtọ̀ sí tútù, òsì ni mo fi ń dán omi ìwẹ̀ wò. Mo ti gba bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé èmi ni mo ni ara yìí, pé ibi tí mo bá ní kó lọ ló ń lọ. Mo ti wá mọ̀ pé nígbà tí mo bá sùn, ẹ̀jẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba ojú àpá yẹn kọjá láìsí pé mo rán an níṣẹ́. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní àárọ̀. Lẹ́yìn náà, kí n tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, mo máa ń kí ara mi kú iṣẹ́, bí a ṣe ń kí ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú.