Ọ̀bẹ Mẹ́ta tí Mo Fi La Orín

Orín ni mò ń tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń ra èyí tí wọ́n ti gé wá láti oko. Èmi a máa wọ igbó tó ṣẹ́kù lẹ́yìn Ìgándò fúnra mi, màá wa gbòǹgbò orín àtá. Ó le bí òkúta. Màá gbé ọ̀bẹ lé e, màá fi kùmọ̀ gbá ẹ̀yìn ọ̀bẹ kó lè là, lẹ́yìn náà màá fi ọ̀bẹ yẹn kan náà bó èèpo rẹ̀ títí á fi dán. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀bẹ ìgbàlódé tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ̀fọ́ ló wà fún. Gbòǹgbò á tẹ̀ ẹ́ bíi páànù. Nígbà tí ọ̀bẹ ìyá mi jẹ títí tí kò fẹ̀ ju ìka mi lọ mọ́, mo lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan lẹ́yìn ọjà Shasha. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bí èmi náà. Sípíríǹgì mọ́tò àlòkù ló fi ń rọ ọ̀bẹ.

Mo ní, "Bàbá, èyí tó mú ni mo fẹ́ o, tí mi ò ní máa pọ́n lójoojúmọ́."

Ó rọ ọ́. Ó mú débi pé ó ń fá irun apá mi. Ọjọ́ kẹrin, nínú igbó, ó pàdé kókó igi. Mo gbá a ní kùmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ "pá!", èérún irin kan sì fò kọjá létí mi. Ìdajì ọ̀bẹ wà nínú igi, ìdajì wà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Mo gba Shasha lọ tààrà. "Bàbá, ẹ wò ó! Ṣé bá a ṣe sọ ọ́ nìyí?"

Ó yẹ ojú ibi tó kán wò. "Ìwọ lo ní o ò fẹ́ máa pọ́n ọn. Irin tó bá le, kíkán ló ń kán. Èyí tó bá yi, títẹ̀ ló ń tẹ̀. Líle kò jọ yíyi."

"Mi ò wá kàwé o, Bàbá. Ọ̀bẹ ni mo fẹ́, jàre."

Ó rọ èkejì. Ìyẹn kò kán. Ṣùgbọ́n bí mo bá bó orín mẹ́wàá, ojú rẹ̀ á ti ká, màá tún wá òkúta ìpọ́nbẹ. Orín mi bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun. Alhaji kan tó máa ń rà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìrun ọ̀sán gbé ọ̀kan sókè lójú gbogbo èèyàn. "Ìyá olórín, ìgbálẹ̀ lẹ fẹ́ kí n fi fọ ẹnu, àbí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí gan-an.

Mo gbé ọ̀bẹ náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ajórin kan ní Akówọnjọ, ó sì fi máṣíìnì pọ́n ọn fún mi. Iná ń ta yàà. Nígbà tó ṣe tán, ẹnu ọ̀bẹ náà ti dúdú bí aró, mo sì rò pé ẹwà ni. Lọ́jọ́ kejì, kò lè bó èèpo rárá.

Mo padà sí Shasha, mo ń pariwo láti òkèèrè. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Ta ló fi máṣíìnì pọ́n ọn?"

"Wẹ́dà kan ní Akówọnjọ ni."

"Iná máṣíìnì ti mú líle rẹ̀ lọ. Jókòó síbí."

Ó rọ ẹ̀kẹta níṣojú mi. Ó mú un gbóná, ó rì í sínú ọ́ìlì, ó ha ara rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó wá gbé e padà sórí ẹyín iná. "Wo àwọ̀ rẹ̀. Á kọ́kọ́ dà bí èèpo àlùbọ́sà, á wá dà bí oyin. Ó ṣì le jù fún kùmọ̀ rẹ nígbà yẹn. Tó bá dà bí aró, o ti pàdánù ẹnu rẹ̀. Sọ ìgbà tí màá yọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Mo mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, o bínú lẹ́ẹ̀mejì. Sọ ọ́."

Èèpo àlùbọ́sà ti kọjá. Ó di oyin. Mo lanu, mo tún rántí èérún irin tó fò létí mi, mo ní kó túbọ̀ yi díẹ̀. Ó pọ́n bí obì, àwọ̀ náà sì ń yára yí padà. Kí n tó kígbe "Ẹ yọ ọ́!", ṣóńṣó rẹ̀ ti di aró. Bàbá rì í sómi. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọ̀bẹ yẹn ni mò ń lò. Ìdí rẹ̀, lẹ́bàá èèkù, dára: ibẹ̀ ni mo fi ń bó èèpo. Àárín rẹ̀ ń la igi. Ṣóńṣó rẹ̀ ń tẹ̀ bó bá ti kan òkúta, màá sì tún un nà, màá máa kùn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rí ẹni bínú sí; ti èyí, èmi fúnra mi ni mo sọ ìgbà tí wọ́n yọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí Bàbá rọ òmíràn fún mi.

"O ti mọ àwọ̀ tó o fẹ́ báyìí?" ó bi mí.

Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i ná. Mo gbé àpò orín mi lérí, mo kọjú sí Ẹ̀gbẹ́dá.